Ìbò Tí Ẹni Tó Rà Á Lè Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ẹnikẹ́ni tó bá ní àwa la dá "dìbò kóo sebẹ̀" sílẹ̀, ẹ bi í léèrè Old Sarum. Òkè tó ti di ahoro ni, nítòsí Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ó ń rán aṣojú méjì lọ sí Ilé Aṣòfin ní London títí di 1832. Manchester, tí èrò inú rẹ̀ lé ní 100,000 nígbà náà, kò ní ẹyọ kan.

Àlejò rí i, wọn ò sì dákẹ́. Benjamin Franklin, tó ń ṣojú Pennsylvania ti Amẹ́ríkà ní London, kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1768 pé £4,000 ni wọ́n ń ta ipò aṣojú ìlú kan, àti pé Sàtánì pàápàá lè ra gbogbo orílẹ̀-èdè náà bó bá fowó lé e. Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, bu ẹnu àtẹ́ lu ìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1831. Ọba Prussia, ìjọba ilẹ̀ Jámánì tí Hegel ń gbé, ní kí wọ́n má tẹ apá tó kẹ́yìn àpilẹ̀kọ náà jáde. Prussia ọ̀hún ò sì ní ilé aṣòfin kan tó kárí orílẹ̀-èdè! Ẹ máa wo ilé ẹni tó ń báni wí, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì.

Báwo ni ọjà náà ṣe ń tà? Olùdìbò á gun pẹpẹ onípákó, á dárúkọ ara rẹ̀, á sì pe orúkọ ẹni tó ń dìbò fún sókè. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi púpọ̀, wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwé tà. Onílé rẹ, oníbàárà rẹ, gbogbo wọn á kà á. Ìbò Westminster, ní London, ti 1784 gba ogójì ọjọ́. Iye ìbò ń jáde lójoojúmọ́, nítorí náà ẹni tó bá fi tiẹ̀ pamọ́ títí ìjà fi le, owó gidi ló máa gbà.

Òfin àtúntò ìbò ti 1832 pa ipò aṣojú Old Sarum rẹ́, kò pa owó rẹ́. Ìlú Sudbury pàdánù àwọn aṣojú rẹ̀ ní 1844 nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, St Albans ní 1852. Ìbò ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ Australia, dé ní 1872. Ìlú Pontefract ló kọ́kọ́ lò ó níbẹ̀. Èdìdì ilé iṣẹ́ tó ń ṣe súìtì dúdú ni wọ́n fi lẹ àpótí ìbò náà. Òfin 1883 wá fi gbèdéke lé ìnáwó olùdíje: £350 ni fún ìlú tí olùdìbò rẹ̀ kò ju 2,000 lọ, pẹ̀lú ìṣírò tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Ìdí tí ìbò ìkọ̀kọ̀ fi wà náà ni INEC fi ní kẹ́ ẹ má mú fóònù wọ ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ka. Fọ́tò ìwé ìbò yín ni ìwé akọ̀wé àtijọ́ yẹn: láìsí i, ẹni tó fún yín lówó ò lè mọ̀ bóyá ẹ jẹ ẹ́ gbé láìdìbò fún un.