Ẹ Bá Wa Dá Owó Yàrá Ìwé Ìtàn Ẹ̀sìn Ìlú Ọyẹ́

Sí gbogbo ọmọ Ọyẹ́-Èkìtì, nílé, l'Ékòó, l'Ábújá àti lẹ́yìn odi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo kọ ìwé yìí. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà akọ̀wé bá ti dé, kálukú á ti fọwọ́ bo àpò. Ẹ fara balẹ̀ kà á ná, kì í ṣe owó òrùlé gbọ̀ngàn ìlú la wá béèrè.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ẹ̀sìn wá bá wa. Wọ́n ní ká fi ibi tí ilé iṣẹ́ ọnà àwọn Fadá wà han àwọn, ká sì mú àwọn lọ bá ẹni tó fojú rí i. Àwa ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa. Bàbá tó máa ń gbá èérún igi níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé ti kú lọ́dún méjì ṣáájú. Kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kódà èmi tí mò ń pariwo yìí, tí ilé wa ò ju ìwọ̀n ìjùkò kan lọ sí tiẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ò mọ ìtàn náà, ẹ gbọ́. Lọ́dún 1947, Fadá Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Kátólíkì, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́ níbí. Bándélé, ọmọ Àrèògún ará Òsì, ló wá ṣe ọ̀gá níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé orúkọ Àrèògún kì í ṣe kékeré nídìí iṣẹ́ ọnà igi. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Mùsùlùmí ni Lámídì o! Irú ọwọ́ tó ń gbẹ́ opó ààfin àti ère òrìṣà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì gbẹ́ àwọn amòye tó wá kí Jésù bí ẹni pé ọba Yorùbá ni wọ́n. Nígbà tó di 1954, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ọdún méje péré, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kọ̀wé lé e lórí títí dòní, níbi tó jìnnà sí wa.

Àwọn tó ń kọ̀wé yẹn, wọ́n ní ẹgbẹ́ bí àwa náà ṣe ní. Amsterdam ni wọ́n ti dá IAHR, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìtàn ẹ̀sìn, sílẹ̀ lọ́dún 1950. Àádọ́ta ọdún gbáko kọjá kí àpéjọ ńlá wọn tó tẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Durban lọ́dún 2000. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kò jókòó dè wọ́n. Ní Harare, lóṣù kẹsàn-án ọdún 1992, wọ́n dá AASR, ẹgbẹ́ tiwọn fún ìwádìí ẹ̀sìn nílẹ̀ Áfíríkà, sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì ti tàn dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kò sí awo kan ńbẹ̀: owó ọdọọdún tí kálukú ń san ni, àpéjọ tí wọ́n ti ń ka iṣẹ́ wọn síra wọn létí ni, àti ìwé tí wọ́n ń tẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣáájú wọn nínú ìwé títẹ̀. Láti 1967 ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Orita, níbi tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀, Ìsìláàmù àti ti Kírísítì ti ń pàdé. Orúkọ yẹn wù mí púpọ̀. Oríta kan náà ni Ọyẹ́ wà ní 1947.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà nílùú wa láti 2011. Èkìtì kúkú ni wá, agboolé wo ni kò ní púrọ̀fẹ́sọ̀? Ìwé tí púrọ̀fẹ́sọ̀ náà máa kà nípa ilé bàbá rẹ̀ ni kò sí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí. Yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìlú ṣófo. A fẹ́ fi oògùn ikán sí i, ká kan pẹpẹ ìwé, ká ra ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ àti èyí tí ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ká sì fi iná sólà sí i. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ààfáà àti àwọn abọrẹ̀ la ó kọ́kọ́ lọ bá. Ohun tí awo bá ní ká má gbà sílẹ̀, a ò ní gbà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde nípàdé, ó ní, "Ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́, ìwé lẹ wá ń wí?" Ó jàre. Owó omi wà lọ́tọ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án.

₦10,000 ni fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́, ₦50,000 fún ẹ̀yin ẹ̀yìn odi, ₦1,000 fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ san án fún akápò ẹ̀ka yín, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ìpàdé Ọdún Àjíǹde la ó ti ka ìṣirò rẹ̀ sójú gbogbo ènìyàn.

Ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́, ìwé ìrìbọmi, tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa nínú àpótí, kó jọ̀wọ́ gbé e wá. A ó yà á lójú rẹ̀, yóò sì gbé e padà sílé lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́