Àkànbí, Má Jókòó Ti Géèmù Mọ́jú

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Láti ọjọ́ tí o ti padà sí Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí "ẹ ṣé sà" ni wàá kàn fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí a jọ fẹsẹ̀ rìn láti Ọláìyá lọ sí Ọjà Ọba, ẹ̀ẹ̀mejì lo dúró kí o lè mí. Ọmọ ọdún 19! Mo wò ọ́, mi ò sọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà lo tún di páàdì géèmù mú. Nígbà tí mo jí fún ìrun àsùbá, o ṣì wà níbi tí mo fi ọ́ sí, o ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ara.

Mi ò ní kí o má ṣe géèmù mọ́. Ìjókòó yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. O mọ̀ pé ọdún 14 ni mo fi wa tírélà lọ sí Kánò, àmọ́ mi ò sọ ìdí tí mo fi pa á tì fún ọ rí. Ẹsẹ̀ òsì mi ló wú, tó ń gbóná. Mo rò pé ó rẹ̀ mí ni, mo fi òrí ra á, mo ní kí wọ́n bá mi wọ́ ọ. Dókítà ló wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Ó ní bí a bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ a máa fún iṣan, a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Bí a bá jókòó pẹ́ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ á máa falẹ̀, ó lè dì, bí èyí tó dì bá sì já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Ìwọ náà, bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ o. Ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo nu eruku ara ẹ̀rọ géèmù Xbox 360 àtijọ́ tí àbúrò ìyá rẹ fi ránṣẹ́, èyí tó ní Kinect, kámẹ́rà tí wọ́n gbé jáde ní 2010, tó ń wo gbogbo ara èèyàn láìlo páàdì. Èmi àti Sàfíyà jọ kan ẹ̀ṣẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú 10 kò pé tí òógùn fi bò wá. Àṣé géèmù lè mú èèyàn dìde báyìí! Láti 1998 ni Konami ní Japan ti ṣe èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọfà tí ó sì ń jó. Tìrẹ ni Kinect yẹn, wá gbé e.

Bí o bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù, kí o tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, dìde, lóṣòó kí o sì nàró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lọ pọn omi wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré tó ń mú ọkàn lù kíkan. Ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún, ó pé. Èyí tí o bá ṣe níwájú tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, àmọ́ jọ̀ọ́, wá àwọn tí ẹ ó jọ máa gbá bọ́ọ̀lù gidi lórí pápá.

Bí o bá wálé fún Iléyá, a ó tún fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà Ọba. Mo ti ń rìn ín láràárọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.