Ọmọ tó ní “two book” kì í ṣe olódo

Sí Olóòtú,

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí a máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ó yẹ kí àwa Yorùbá tó wà ní Kubwa, Nyanya àti Kàdúná wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí “book” ṣe ń di “books”. Olùkọ́ á kọ “add s” sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tílẹ̀ bá mọ́, á tún ní “two book”, wọ́n á sì pè é ní olódo.

Ẹ wo èdè tó gbé ti ilé wá ná. Ìwé kan, ìwé méjì, ogún ìwé: “ìwé” kò yí padà, iye tí a dárúkọ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ọmọ Haúsá tó jókòó tì í mọ̀ pé “littafi” máa ń di “littattafai”, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ ka méjì, “littafi biyu” lòun náà máa sọ. Bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé nídìí “two book” nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ kí a sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Etí àti ahọ́n tún wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, “books” sì to méjì pọ̀ nídìí, ahọ́n á gbé ọ̀kan mì. Ẹ má fi “books” bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi “shoe”, “tree” àti “key” bẹ̀rẹ̀, níbi tí “s” ti ń tẹ̀lé fáwẹ̀lì. Kí “pen” àti “ball” tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni “bus”: kí ọmọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan fún “bus”, lẹ́ẹ̀mejì fún “buses”. “Cups”, “books” àti “desks” ni kó gbẹ̀yìn. Ìró “z” ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi parí “shoes” ní ẹnu, kò sì sí nínú èdè wa. Bí ọmọ bá fi “s” pè é, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Àwo méjì àti bírò mẹ́fà ti tó. Ẹ fi ẹyọ kan sínú àwo òsì, márùn-ún sínú tọ̀tún. Bí ẹ bá fọwọ́ kan àwo, kí ọmọ dáhùn: “one pen”, “five pens”. Kí ẹ wá máa yọ bírò kúrò nínú tọ̀tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: “four pens, three pens, two pens”. Ibi tó bá ku ẹyọ kan ni kí ẹ ti tẹ́tí dáadáa, torí ọmọ tó kàn ń kọ ọ́ lórin á ní “one pens”. Ẹ dá a padà sí márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fa pẹ́ńsùlù lé wọn lọ́wọ́. “Yìí” àti “wọ̀nyí” tí wọ́n ti mọ̀ nílé ni kí ẹ fi mú wọn dé “this pen”, “these pens”.

Ìgbà tí ẹnu bá ti gbà á ni kíkọ kàn: “baby” di “babies”, ṣùgbọ́n “boy” àti “key” ní fáwẹ̀lì ṣáájú “y”, “s” nìkan ni wọ́n ń gbà. “Knife” di “knives”. “Roof” àti “chief” kì í yí padà bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ bá ní “two foots” tàbí “childrens”, ẹ má nà án. Ó ti di òfin náà mú ni, ó kàn lò ó kọjá ààyè. Ẹ dá a lóhùn, “Yes, two feet,” kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ní ti “women”, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ohùn ti ń yí: “wímìn” ni, kì í ṣe “wúmẹ̀n”. Àwa àgbà náà ń ṣi ọmọ lọ́nà: “furnitures” àti “equipments” tí a ń kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ń kà á. Wọn kì í gba “s”.

Ọ̀kan tún wà tó ń dùn mí. Bàbá ọmọ ń pe olùkọ́, ọmọ á ní “They are calling you.” Wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ń pè yín” ló wà lọ́kàn rẹ̀, ọ̀wọ̀ ló ń bù fún bàbá rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fágbà. Kó sọ “he” ní kíláàsì, tó bá délé kó sọ “wọ́n”.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì,
Kubwa, Àbújá.