Fífọ ẹnu àwọn àgbàlagbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí òtútù àyà tó ń gba ẹ̀mí àwọn àgbàlagbà ní àwọn ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń gbé. Bí àìsàn yìí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bóyá wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ lóru, tàbí bóyá aṣọ tí wọ́n fi bo ìyá tàbí bàbá kò nípọn tó. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà mọ̀ pé ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kòkòrò tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ti wá.

Kò sí ẹni tí kò ní kòkòrò àìfojúrí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹnu kò bá rí ìtọ́jú, wọn a máa pọ̀ sí i nínú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín, lórí ahọ́n àti lára eyín àtọwọ́dá. Bí itọ́ bá ṣèèṣì gba ọ̀nà èémí ẹni tí ara rẹ̀ le, ikọ́ ni yóò tì í jáde. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù, tàbí tí iyè rẹ̀ ti ra, lè máà rí nǹkan gbé mì dáadáa mọ́, itọ́ a sì máa jò wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú oorun láìjẹ́ pé ó húkọ́ rárá. Nígbà tí àìsàn náà bá dé tán, ó lè máà sí ibà tí a ó fi dá a mọ̀. Àgbàlagbà náà lè kàn kọ oúnjẹ, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dàrú.

Ní orílẹ̀-èdè Japan, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà 11, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Wọ́n ń fọ ẹnu apá kan àwọn àgbàlagbà náà lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún méjì, òtútù àyà mú ènìyàn 19 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n 11 nínú 100 ló mú lára àwọn tí wọ́n ń fọ ẹnu wọn. Èmi kò sọ pé èyí yóò lé òtútù àyà lọ pátápátá o. Nínú ìwádìí mìíràn ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, àìsàn náà dín kù ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ yìí, àmọ́ àǹfààní náà kò dúró ní ọdún kejì. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè tó fún iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ máa ṣe lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn. Àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ra lè di ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ó máa bínú sí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, kí ẹ wá gbé ọwọ́ yín lé tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ a máa rántí iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó dáadáa, kí ó sì tẹ orí síwájú díẹ̀, kí omi má baà ṣàn lọ sí ọ̀fun. Ẹ yẹ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, pàápàá níhà tí rọpárọsẹ̀ ti mú, nítorí oúnjẹ àárọ̀ lè wà níbẹ̀ títí di alẹ́. Ẹ bọ́ eyín àtọwọ́dá kí ó tó sùn, kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́ ṣì ní ahọ́n àti erìgì, ẹni tí a ń fi rọ́bà bọ́ láti imú pàápàá sì nílò ìtọ́jú yìí.

Mo ń rọ àwọn alábòójútó ilé ìtọ́jú pé kí wọ́n ka fífọ ẹnu sí iṣẹ́ ìṣègùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ka oògùn sí. Kí wọ́n ya àkókò rẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n di ẹrù iṣẹ́ rù kọjá agbára rẹ̀, ẹnu àgbàlagbà ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀ láìfọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Kí ẹ̀yin ẹbí náà máa béèrè. Bí ẹ bá lọ kí wọn láàárọ̀, ẹ wo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọn; bí ó bá gbẹ pátápátá lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun tán, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi alábòójútó pé ta ló yẹ kó fọ ẹnu wọn lónìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà