Marcela Agoncillo ló rán àsíá Philippines

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. A ka ohun tí ẹ kọ nípa òmìnira Philippines, ó sì dùn mọ́ wa pé ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ojú ewé kan odindi. Ibì kan péré ló há wa lọ́fun. Ẹ ní Emilio Aguinaldo, olórí àwọn tó bá Sípéènì jà fún òmìnira, ló ṣe àsíá tí wọ́n ta sókè ní ìlú Kawit lọ́jọ́ tí wọ́n kéde òmìnira, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1898. Aguinaldo ló ya bó ṣe máa rí, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó gé aṣọ náà, tó rán an, tó tú u, tó sì tún un rán ni Marcela Mariño Agoncillo. Òun nìkan kọ́ ló sì ṣe é. Àwòrán tí ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn náà gan-an kì í ṣe àsíá ti 1898. A óò débẹ̀.

Ọmọ ìlú Taal ní ẹkùn Batangas ni Marcela, ilé tó rí jẹ tó rí mu ni wọ́n sì bí i sí. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní Intramuros, ní Manila, ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè Sípéènì, orin àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Láyé ìgbà náà, ẹ̀ṣọ́ ọmọge ni wọ́n ka iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí, ohun tí ọmọ olówó á mọ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ó fẹ́ Felipe Agoncillo, agbẹjọ́rò tó máa ń bá tálákà ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba Sípéènì, tó ń ṣàkóso Philippines nígbà náà, fura sí ọkùnrin yìí, wọ́n fẹ́ lé e jìnnà sílé. Ó sá lọ sí Japan, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Hong Kong tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Marcela kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Ilé wọn ní nọ́ńbà 535, Morrison Hill, ló di ilé àwọn tí ogun lé kúrò ní Philippines. Lẹ́yìn àdéhùn Biak-na-Bato, tó dá ogun àwọn àti Sípéènì dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 1897, Aguinaldo àtàwọn ènìyàn rẹ̀ náà dé sí Hong Kong. Ibẹ̀ ló ti gbé àwòrán àsíá kalẹ̀ níwájú Marcela.

Ẹni mẹ́ta ló jókòó ti iṣẹ́ náà. Marcela ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni Lorenza, àkọ́bí rẹ̀, ọmọdé ṣì ni. Ìkẹta ni Delfina Herbosa de Natividad, ọmọ ẹ̀gbọ́n José Rizal, òǹkọ̀wé ọmọ Philippines tí àwọn ará Sípéènì yìnbọn pa ní Manila lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1896. Nígbà tí bàbá Delfina kú lọ́dún 1889, àwọn àlùfáà kọ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ. Obìnrin tó mú irú ìyẹn sínú kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn ní kó wá di òwú mú.

Inú ìlú Hong Kong ni wọ́n ti ra aṣọ ṣẹ́dà tó dára. Ẹni tó bá mọ ṣẹ́dà mọ̀ pé kì í gba ìgbàkugbà. Ó ń yọ̀ lábẹ́ àlùmọ́gàjí, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n, etí rẹ̀ á wọ́. Ọ̀já méjì tó lọ gbọọrọ, búlúù lókè, pupa nísàlẹ̀, kò le jù, nítorí ìlà tààrà ni. Igun mẹ́ta funfun tó wà lápá òpó ló le. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì dábùú fọ́nrán aṣọ, aṣọ tí a bá sì gé ní ìdábùú máa ń fà bíi rọ́bà. Bí ẹni tó ń rán an bá fi ọwọ́ líle fà á lábẹ́ abẹ́rẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ á yẹ̀ kúrò níbi tí búlúù àti pupa ti pàdé, gbogbo rẹ̀ á sì súnkì, kò ní fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn.

Lẹ́yìn èyí ni oòrùn wá. Oòrùn inú àsíá ti 1898 ní ojú bí ènìyàn, ìtànṣán mẹ́jọ sì yọ lára rẹ̀. Bí a bá pín òbìrí kan sí mẹ́jọ, dígírì 45 ni yóò wà láàárín ìtànṣán kan àti èkejì. Ìtànṣán àkọ́kọ́ ló ń darí méje yòókù. Bó bá tẹ̀ díẹ̀, gbogbo oòrùn á dà bí ẹni tí òòyì ń kọ́, a kì í sì í tètè rí i títí a ó fi gbé aṣọ náà sókè. Ohun tó dé bá wọn nìyẹn: ìtànṣán kọjú síbi tí kò yẹ, wọ́n sì ní láti tú ohun tí wọ́n ti rán. Títú ṣẹ́dà burú ju rírán rẹ̀ lọ, torí ihò abẹ́rẹ́ kì í fẹ́ pa dé mọ́. Ọwọ́ ro wọ́n, ojú dùn wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ rán, wọ́n fi máṣíìnì rán. Marcela fúnra rẹ̀ sọ pé ọjọ́ márùn-ún ló gbà wọ́n.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní aṣọ ló kàn rán. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ìràwọ̀ mẹ́ta inú àsíá náà dúró fún Luzon, Visayas àti Mindanao, ìpín mẹ́ta tí Philippines ní. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ iléèwé lónìí nìyẹn. Ìwé ìkéde òmìnira tí wọ́n kà ní Kawit dárúkọ Panay dípò Visayas, bẹ́ẹ̀ erékùṣù kan ṣoṣo lára Visayas ni. Ìtànṣán mẹ́jọ dúró fún ẹkùn mẹ́jọ tí Sípéènì kéde ogun lé lórí lọ́dún 1896, àmọ́ orúkọ wọn kò bára mu: ìwé ìkéde Kawit ka Bataan mọ́ wọn, àṣẹ ìjọba Sípéènì ka Tarlac. Batangas, ilé Marcela, wà nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1898, ọwọ́ ara rẹ̀ ni Marcela fi fa àsíá náà lé Aguinaldo lọ́wọ́ kó tó wọ McCulloch, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà tó gbé e padà sí Cavite. Lọ́jọ́ 28 oṣù náà, tí àwọn ènìyàn Aguinaldo ṣẹ́gun àwọn ará Sípéènì ní Alapan, ní Cavite, wọ́n ta á sókè. Ní Kawit, wọ́n tún ta á lójú fèrèsé ilé Aguinaldo. Marcela kò sí níbẹ̀, Hong Kong ló ṣì wà. Wọ́n rán ọkọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà àti Paris láti lọ ṣojú ìjọba tuntun, wọn ò sì jẹ́ kó wọ ibi ìpàdé tí Sípéènì ti gbé Philippines fún Amẹ́ríkà ní ogún mílíọ̀nù dọ́là, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1898. Ìrìn àjò yẹn gbọ́n owó ilé wọn gbẹ. Ìjọba olómìnira ti wó kí ìdílé náà tó padà sí Manila, nígbà tó sì di 1907, òfin Amẹ́ríkà sọ títa àsíá náà sókè di ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún 1919 ni wọ́n tó wọ́gi lé òfin ọ̀hún. Marcela kú lọ́jọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1946. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà tó gbọ́wọ́ kúrò: ọjọ́ 35 ló fi ṣaájú rẹ̀.

Ó wá ku àwòrán yín. Oòrùn inú rẹ̀ kò ní ojú. Àṣẹ ọdún 1936 ló fi oòrùn lásán lélẹ̀, tó sì sọ ìwọ̀n àsíá di gígùn méjì sí fífẹ̀ kan. Búlúù rẹ̀ náà kì í ṣe ti àtijọ́. Nígbà tí wọ́n gbà á láyè ní 1919, aṣọ búlúù tí wọ́n fi ń rán àsíá Amẹ́ríkà ló wà lọ́jà, òun ni wọ́n ń lò, ó sì dúdú. Ní 1985 ìjọba Ààrẹ Ferdinand Marcos sọ ọ́ di búlúù fífẹ́ẹ́rẹ́, ọdún kejì wọ́n dá a padà. Òfin 1998 ló mú èyí tó wà lónìí.

Ẹ má ṣe wá èyí tí Marcela rán láti fi dípò rẹ̀. Aguinaldo sọ pé ó sọnù ní Tayug, ní Pangasinan, nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sí àríwá. Àsíá kan wà ní ìlú Baguio tí àwọn kan ní òun ni, àmọ́ àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá máa tún àwòrán yẹn lò, ẹ kàn kọ "àsíá Philippines òde òní" sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé e: Marcela, Lorenza, Delfina.

Àwa òǹkàwé yín.