Gáàsì tí ẹ̀rọ yín "ń mu"

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní ọ̀rọ̀ ìgbóná ayé yìí kò kan mẹ̀kúnnù, pé àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá tó ń jó èédú àti epo rọ̀bì ni kó lọ jẹ́jọ́. N kò bá a jiyàn lórí ti èédú àti epo. Gáàsì kábọ́ọ̀nù (CO2) tó ń tara wọn jáde ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1958 tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, nǹkan bí ìwọ̀n 315 ló wà nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Lónìí, ó ti kọjá 420. Àmọ́ pé kò kàn wá yẹn ni n kò lè gbé mì. Ó kàn mí, ọwọ́ mi méjèèjì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, títú gáàsì tó ń mú ẹ̀rọ tutù dànù wà lára ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ọ̀gá á ní kí n tẹ ẹnu fáàfù. Ṣíííí! Èéfín funfun á yọ, òtútù á gan ìka mi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Eré làwa ọmọọṣẹ́ ń fi í ṣe. Bí ariwo yẹn bá pẹ́, a ó ní ẹ̀rọ yìí ṣì kún dáadáa. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń lọ.

Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-12 là ń lò nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé kò dára: ní 1974 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Mario Molina àti Sherwood Rowland ti sọ pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń jẹ ìpele ósóònù tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ósóònù ti fẹ́lẹ́ gan-an lókè Antarctica. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal láti pa irú gáàsì náà tì, gbogbo ayé ló sì dara pọ̀ níkẹyìn. Ìròyìn náà pẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù wa, ká sọ tòótọ́. Nígbà tó dé, R-134a ló bá a wá, wọ́n ní èyí kì í pa ósóònù lára. A yọ̀. A tún ń tẹ fáàfù wa lọ, ọkàn wa wá balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A ò mọ̀ pé ibòmíràn ló ti ń ṣọṣẹ́. Kílò kan R-134a ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 1,430 ju kílò kan kábọ́ọ̀nù lọ, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún 100 ọdún. R-410A tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù jẹ́ ìlọ́po 2,088. R-404A tí wọ́n ń lò fún yàrá òtútù ńláńlá jẹ́ ìlọ́po 3,922. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi tún pàdé ní Kigali, lórílẹ̀-èdè Rwanda, ní 2016, tí wọ́n sì fẹnu kò láti dín àwọn náà kù díẹ̀díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi. Bí ẹ bá jó lítà kan epo bẹntiróòlù, kábọ́ọ̀nù tó ń jáde tó kílò 2.3. Ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá lè gba kílò kan R-410A. Tí mo bá tú u sáfẹ́fẹ́, ó dà bí ìgbà tí mo jó nǹkan bí 900 lítà epo ní ìṣẹ́jú díẹ̀, láìwakọ̀ lọ síbì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹ̀rọ tí mo ti tú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé bírò sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwa oníṣẹ́ kì í fẹ́ sọ fún oníbàárà. Gáàsì inú fíríìjì kì í jó tán bí epo ọkọ̀. Yíyí ló ń yí po. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, á di olómi, á gba inú páìpù tín-ín-rín kọjá, á fẹ̀, á gba ooru inú fíríìjì, á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é, òun ló yẹ kó wà níbẹ̀ títí ẹ̀rọ náà á fi kú. Bí ó bá dín, ó ń jò ni.

Oníbàárà mi kan wà, ọdún mẹ́rin léra ni mo fi ń bá a fi gáàsì kún ẹ̀rọ. Ó máa ń ní, "Ẹ̀rọ mi yìí mà ń mu gáàsì o!" Èmi á rẹ́rìn-ín, máa gba owó mi. Lọ́dún karùn-ún, ojú tì mí. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí ibi tí àwọn páìpù ti so pọ̀ ká. Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì kan ló ti ń hó. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ẹnìkan kò fún le, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi náà ni. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ yẹn kò mu nǹkan kan mọ́, ẹni tó ni ín kò sì fi bẹ́ẹ̀ pè mí mọ́.

Ní báyìí, mo ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì padà sínú sílíńdà kí n tó tú páìpù. Ó máa ń falẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, oníbàárà á sì máa wo aago, á ní ṣé n kò lè tú u dànù kíá ni. Ti àwọn tó ń ra fíríìjì tó ti kú, tí wọ́n ń gé páìpù bàbà rẹ̀ láìbìkítà, tún burú ju tiwa lọ.

Àwọn fíríìjì tuntun ti ń lo R-600a, tí ìlọ́po tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 3 lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí gáàsì ìdáná ni, ó ń gbiná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe fún un.

Tí ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá ní fíríìjì nílé, tí oníṣẹ́ rẹ̀ sì tún gbé sílíńdà dé, kó bi í pé: èyí tí ẹ rọ sí i lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Kó má jẹ́ kó ṣí sílíńdà náà kó tó fi ọṣẹ àti omi wá ibi tó ti ń jò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ fíríìjì kan