Ẹ má hú igi àtà tán nínú igbó Kétu

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Eléwé ọmọ ni mí ní ọjà Kétu, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gba iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ igi àtà dé etí àwọn èèyàn wa.

Ẹni tó bá ń fi orín àtà rin eyín láàárọ̀ mọ bó ṣe máa ń ta èèyàn lẹ́nu tí ahọ́n á fi kú. Ṣùgbọ́n nítorí egbò rẹ̀, ìyẹn gbòǹgbò rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń wá a kiri báyìí. Àwọn ìyá tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń da ọmọ wọn láàmú ló máa ń bèèrè rẹ̀ jù lọ́wọ́ mi. Láti 1971 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sofowora ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ ti kọ ọ́ jáde pé omi egbò àtà ń mú ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí, nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Ní Burkina Faso, wọ́n po èèpo egbò rẹ̀ mọ́ ti bọmubọmu, wọ́n fi ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní FACA. Síbẹ̀, n kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ kankan tìtorí àgbo pa dókítà tì. Kí dókítà náà sì mọ ohun tí ọmọ ń mu.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń kó egbò ní àpò-àpò lónìí kì í wa egbò mọ́, igi ni wọ́n ń hú. Bí ìyá mi ṣe kọ́ wa kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan la máa ń lọ, a ó yẹra fún ẹ̀gún rẹ̀, a ó fi ọkọ́ họ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi bá egbò tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Èyí tó tó àtàǹpàkò la ó gé. Ìdí igi, a kì í fọwọ́ kàn án. A ó da erùpẹ̀ padà, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó di ọdún mìíràn ká tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Igi tí wọ́n bá sì bó èèpo rẹ̀ yípo, ikú ló kàn.

Nítorí pé ó ti ń wọ́n, àwọn kan ń fi egbò mìíràn lú u. Ẹ fi èékánná ha á kí ẹ tó sanwó: inú èèpo rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn, ìbátan ọsàn sì ni lóòótọ́. Tí kò bá ta yín lẹ́nu, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Mo bẹ àwọn baálẹ̀ wa àti àwọn aláṣẹ ìlú kí wọ́n fòfin de híhú igi yìí. Mo sì bẹ àwọn tó nílẹ̀ kí wọ́n gbìn ín. Èso rẹ̀ dúdú, ó ń dán, kì í tètè hù, ẹ ní sùúrù fún un. Mo ní díẹ̀ nílé. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá bá mi ní ìsọ̀ àwọn eléwé, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Eléwé ọmọ kan, Kétu